Lọ́ńdọ̀nù Ò Jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín pé ọmọ mi ti hu eyín. Méjì, nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bàbá ọkọ mi ni mo jókòó láti sọ, àmọ́ tí mo bá la ẹnu láyé yìí tí mi ò dárúkọ Tóyìn, ó máa ń ṣe mí bíi pé mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ọmọ náà sanra, ó pupa, ògiri lásán ló ń rẹ́rìn-ín sí. Bọ́lájí, bàbá ẹ̀, ní ẹnu mi ló gbé wáyé. Ó ní ọmọ tí ò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ tó ń pariwo báyìí, ọjọ́ tó bá mọ̀ ọ́n sọ, ká yáa kó kúrò nílé fún un.

Ó dáa. Bàbá ọkọ mi.

Francis Dúrótoyè lorúkọ wọn. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n níbí ní Ẹ̀fọ̀n. Tí ẹ bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹ gbọ́ ohùn kan láàárín àwọn akọrin tó ń kùn bíi lọ́rì tó ń gun òkè, tó sì máa ń gbẹ̀yìn gbogbo èèyàn parí orin, àwọn nìyẹn. Wọn ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rán ọmọ méjèèjì lọ síléèwé. Èyí àgbà, Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò ni Bọ́lájí tèmi, tó ń ṣe tíṣà ní Arámọkọ.

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa Bàbá. Wọn kì í fi máìlì wọn ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bíi gbogbo àgbà ibí. Bi wọ́n pé báwo ni oko wọn ṣe jìnnà tó, wọ́n á ní, "Gbé ẹ̀wà kaná kó o tó gbéra. Kó o tó débẹ̀, ẹ̀wà ti jinná." Ìjerò ńkọ́? "Ìjerò? Jẹun dáadáa kó o tó kúrò nílé, ebi á ṣì mú ẹ lọ́nà." Ọ̀nà tó bá pẹ́ èèyàn ló jìnnà. Èyí tí ò pẹ́, kò jìnnà. Ó parí.

Nígbà tí Bùrọ̀dá Káyọ̀dé ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, mi ò tíì wọlé wọn nígbà náà, Bàbá ló sìn ín dé Ikẹjà. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé èmi ni mo gbé àpótí. Mọ́tò bà jẹ́ lọ́nà, wọ́n sùn sí Ìbàdàn, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó fojú kan Ikẹjà. Bàbá wá lọ bá ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo lọmọ mi máa tó dé ọ̀hún?"

"Wákàtí mẹ́fà péré, Bàbá."

"Mẹ́fà?"

"Mẹ́fà ni, sà."

Wọ́n ní Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wákàtí mẹ́fà! Ìyẹn mà ni Iléṣà! Nígbà tí wọ́n ṣì lágbára, tí mọ́tò ò tíì pọ̀, àwọn àti Màmá, ìyá ọkọ mi, máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Iléṣà lọ tajà, Bàbá á ru iṣu, Màmá á ru apẹ̀rẹ̀ obì. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wa níbí dé Ẹ̀rìn, wọ́n á mumi níbẹ̀, wọ́n á gba Ìwàrájà kọjá, wọ́n á wọ Iléṣà. Bí wọ́n ṣe fi oòrùn wò ó, wákàtí mẹ́fà náà ni. Àṣé ibi tí Lọ́ńdọ̀nù wà ò ju Iléṣà lọ!

Bí Bàbá ṣe délé nìyẹn tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ní etí. "Lọ́ńdọ̀nù ò jìnnà. Ikẹjà gan-an ló jìnnà."

Àwọn èèyàn sọ wọ́n ní Bàbá Ò-Jìnnà. Ọ̀rẹ́ wọn kan wà, Bàbá Dàda, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Kò sọ́jọ́ tí kì í fi wọ́n ṣeré.

"Ò-Jìnnà!"

"Kí lo fẹ́, ìwọ aláriwo yìí?"

"Tí Lọ́ńdọ̀nù ò bá jìnnà, kí ló dé tọ́mọ ẹ ò wá jẹ iyán ọdún?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni."

"Èmi náà ń ṣiṣẹ́. Mo sì ń lọ sí Iléṣà lọ ra táyà."

"Bíi táyà ni ìwọ náà rí, afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Màmá kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Torí pé Màmá Rebecca gba ọkọ wọn gbọ́. Ìyẹn ni wàhálà tó wà níbẹ̀. Ohun tí ọkọ wọn bá ti sọ, ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ọdún sì ń gorí ọdún, Bùrọ̀dá Káyọ̀dé ò wá. Ó ń kọ lẹ́tà o, ó ń sọ pé iṣẹ́ ni, ìwé ni, owó ọkọ̀ wọ́n. Bọ́lájí á ka lẹ́tà sí Màmá létí, Màmá á ní, "Mo ti gbọ́." Wọn kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ yín wà ní Iléṣà, ó wà níbi tí ẹ̀yin fi ẹsẹ̀ yín rìn dé pẹ̀lú ẹrù lórí, kò sì wá kí yín. Kí lẹ máa rò?

Èmi ka ìwé mẹ́wàá, ní Òkè-Ìmẹ̀sí níbi tí wọ́n ti bí mi, wọ́n sì kọ́ wa ní jọ́gíráfì. Mo mọ̀ pé Lọ́ńdọ̀nù ju ẹgbẹ̀ẹ́dógún máìlì lọ. Mo tiẹ̀ sọ fún Bàbá lọ́dún tí mo délé, níbi tá a ti ń sá kòkó.

"Ta ló wọ̀n ọ́n?" ni wọ́n bi mí.

"Wọ́n wọ̀n ọ́n ni, sà."

"Kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Lórí omi?"

Mo yáa gbẹ́nu mi mọ́ra. Ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà máa ń gbẹ́nu mọ́ra nígbà míì.

Nígbà tí mo bí Tóyìn, ọwọ́ Màmá ni gbogbo ẹ̀ wà. Àwọn ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n á nà án sórí ẹsẹ̀, wọ́n á fi omi gbígbóná nù ún, wọ́n á na apá, wọ́n á na itan, wọ́n á gbé e sókè lápá kan bíi pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ nù, ọkàn mi á já, ọmọ á sì máa rẹ́rìn-ín. Ayọ̀ tí mo yọ̀ nígbà yẹn, mi ò mọ ibi tí mo máa kó o sí. Mo sanra ju Tóyìn lọ.

Kó tó pé oṣù mẹ́rin ni ẹsẹ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Lẹ́yìn náà, èémí ò dán mọ́rán mọ́. Dókítà ní ọkàn wọn ló ti rẹ̀. Ó fún wọn lóògùn, ó ní ká máa gbé wọn lọ sílé, ká fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí dókítà bá ti ní ká fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀, ẹ ti mọ̀. Bọ́lájí sáré lọ tẹ wáyà sí Lọ́ńdọ̀nù. Èsì dé: ọjọ́ Ẹtì, láàárọ̀, Káyọ̀dé á wọ bàálù.

Ohun kan ṣoṣo tí Màmá ń fẹ́ nìyẹn. Wọn ò béèrè oúnjẹ, wọn ò béèrè oògùn. Kí ojú wọn kan Káyọ̀dé.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, Bàbá ò lọ sóko. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n yọjú lójú fèrèsé, wọ́n wá oòrùn. Oòrùn gan-an ò hàn dáadáa, torí irú ọyẹ́ tó mú lọ́dún yìí, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n ká pòórá pátápátá. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níwájú ilé wa, fírífírí là ń rí i. Mo fi ìpara kun Tóyìn títí ó fi ń dán bí àkàrà.

"Ìyá Káyọ̀dé," Bàbá ní, "ọmọ ẹ ti gbéra."

"Ó ti dé ibo?"

Bàbá ronú díẹ̀. Kí ni wọ́n mọ̀ nípa ojú ọ̀run? Ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fà yọ.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Iléṣà ni. Ó ń bọ̀ lápá Ìwàrájà."

Màmá dijú. "Níbi tá a ti máa ń jẹ ẹ̀kọ."

"Ibẹ̀ náà."

"Kó má ra ti obìnrin tó wà lábẹ́ igi o. Tiẹ̀ máa ń kan."

"Mo ti kìlọ̀ fún un."

Ẹ̀rín pa mí, mo fi orí pamọ́ sẹ́yìn Tóyìn. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú nìyẹn. Màmá á sùn díẹ̀, á jí, á béèrè, Bàbá á wo ojú fèrèsé, á gbé Káyọ̀dé síwájú díẹ̀. Ó ti kọjá oko olókùúta. Ó ti ń gbọ́ omi Ẹ̀rìn. Bàbá ti sọ fún èmi àti Bọ́lájí ní kọ̀rọ̀ pé Ẹ̀rìn làwọn fi ṣe Ikẹjà. Tí bàálù bá ti balẹ̀ ní Ikẹjà, Káyọ̀dé dé Ẹ̀rìn nìyẹn. Òkè tó kù kéèyàn gùn wọ Ẹ̀fọ̀n, ìyẹn ni ọ̀nà Èkó sílé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá ní ó ti dé Ẹ̀rìn, ó fẹ́ sun ibẹ̀, ó di ọ̀la.

Màmá jẹ ẹ̀kọ gbígbóná lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Inú wa dùn.

Ọ̀la dé. A gún iyán, a bò ó. Kò sẹ́nì kankan. Gbogbo mọ́tò tó bá dún lójú títì, Bọ́lájí á sáré jáde, á tún rọra wọlé.

"Bàbá Káyọ̀dé, ó ti dé ibo?"

"Ó wà ní Ẹ̀rìn. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ó ní kóun sinmi díẹ̀."

Nígbà tó yá, "Ó bá àna wa kan pàdé, wọn ò jẹ́ kó tètè lọ."

Ọjọ́ Ìsinmi, Bọ́lájí gbéra lọ sí Ikẹjà láti lọ wádìí. Bàbá ò lọ kọrin. Ọgbọ́n ti tán nínú wọn.

"Òjò ló dá a dúró," ni wọ́n sọ níkẹyìn.

Màmá la ojú. "Òjò? Nínú ọyẹ́ yìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín lẹ́nu wọn. "Ẹ ò mọ irọ́ pa, Bàbá Káyọ̀dé. Látìgbà tá a ti fẹ́ra, ẹ ò mọ̀ ọ́n pa."

Ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án, Bọ́lájí dé, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fa Bàbá lọ sẹ́yìnkùlé, èmi náà tẹ̀ lé wọn, ẹ mọ̀ mí.

"Kò sí bàálù tó balẹ̀ ní Ikẹjà láti ọjọ́ Ẹtì, sà. Ọyẹ́ ni. Wọ́n ní àwọn tó ń wà á ò rí ilẹ̀."

"Wọ́n wá wà níbo?"

"Wọ́n ní àwọn kan lọ balẹ̀ sí Kánò. Àwọn kan yí padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tí Bùrọ̀dá wà nínú ẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí eéṣú, gbogbo wọn ló ń bẹ̀bẹ̀."

"Àbí ó ṣì wà lókè?"

"Kò lè ṣì wà lókè, sà."

Bàbá gbé ojú sókè síbẹ̀síbẹ̀. Àwa náà gbójú sókè. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Funfun ló kàn rí, bí ìgbà téèyàn da èlùbọ́ sí afẹ́fẹ́.

"Mẹ́fà ni ọkùnrin yẹn sọ fún mi," Bàbá ní. "Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́fà ló sọ."

Bàbá kò lè padà sínú yàrá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ ti ògiri. "Kí ni mo fẹ́ wọlé lọ sọ fún un? Mo ti mú un dé Ẹ̀rìn. Mi ò mọ ibi tí mo lè mú un lọ mọ́."

Èmi ni mo wọlé, mo gbé Tóyìn dání. Màmá ò sùn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn tutù.

"Ìyàwó mi, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọmọ mi ò fẹ́ wá ulé ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi. Lọ́jọ́ yẹn, ó wọ́n mi. Mo wo ojú wọn, mo rí i pé kì í ṣe ikú ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọ̀nà Iléṣà yẹn ni. Ọ̀nà kúkúrú yẹn tọ́mọ wọn ò rìn láti ọjọ́ yìí wá.

"Màmá, kì í ṣe Iléṣà," mo ní. "Ó jìnnà."

"Ṣebí wákàtí mẹ́fà ni."

"Wákàtí mẹ́fà bàálù ni, Màmá, kì í ṣe ti ẹsẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí ìgbà tẹ́ ẹ fi máa ń wẹ Tóyìn? Tí bàálù bá kúrò lókè Ẹ̀fọ̀n níbí bẹ́ ẹ ṣe ń bu omi sí i lára, kẹ́ ẹ tó kun ìpara fún un tán, ó ti kọjá Èkó. Irú eré yẹn ló máa sá fún wákàtí mẹ́fà, láìdúró mumi. Iyanrìn wà láàárín, tí ò ní igi, tí ò ní odò. Ẹlẹ́sẹ̀ á rìn ín títí oṣù á lé, á wọ̀, á tún lé. Lẹ́yìn iyanrìn, òkun tún ń bẹ."

Tóyìn ń fa ìka wọn.

"Ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó jìnnà, Màmá."

"Kò sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ rìn ín?"

"Kò sí."

"Èmi náà, nígbà tí mo lágbára?"

"Ẹ̀yin náà, Màmá."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Omi bọ́ lójú wọn, àmọ́ wọ́n tújú ká, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ fún yín. "Ọmọ mi," ni wọ́n ń wí. "Ọmọ mi. Àṣé ọ̀nà ni. Ọ̀nà ló gùn."

Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo rò pé wọ́n á bi mí ta ló wọ̀n ọ́n. Wọn ò bi mí.

"Bàbá Káyọ̀dé," Màmá pè wọ́n, "ẹ jẹ́ kó sinmi sí Ẹ̀rìn. Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu mọ́."

"Mo gbọ́, Rebecca," Bàbá ní. Mi ò gbọ́ kí wọ́n pe Màmá lórúkọ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ìwẹ̀ Tóyìn ni mo ń gbé kaná nígbà tí mo gbọ́ igbe Bọ́lájí.

A ò lè dúró de Bùrọ̀dá Káyọ̀dé. Màmá ti mú kí Bàbá búra tipẹ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbé òun lọ síbi tí wọ́n ń kó òkú sí nínú yìnyín. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e la sin wọ́n. Àwọn akọrin kọrin, ohùn tó máa ń gbẹ̀yìn yẹn ò sí láàárín wọn.

Ọjọ́bọ̀, lọ́sàn-án gangan, mọ́tò pijó kan dúró lójú títì. Bùrọ̀dá Káyọ̀dé ló sọ̀ kalẹ̀. Mi ò rí i rí àfi nínú fọ́tò, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n, imú Bọ́lájí ló wà lójú ẹ̀. Ìpéǹpéjú ẹ̀ funfun fún eruku. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kígbe láti òkèèrè, "Bàbá! Ẹ bá mi wò ó, ẹsẹ̀ mi ti wú!"

Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, tí ò tíì jẹun. Bàbá Dàda ti sáré gba ẹ̀yìnkùlé, ó ní kí àwọn obìnrin tó ń sunkún dákẹ́, kí wọ́n bọ́ sínú ilé ìdáná. Èmi, wọ́n ní kí n gún iyán. Mo gún iyán pẹ̀lú omijé, mo gbàdúrà kó má bọ́ sínú ẹ̀.

Bùrọ̀dá jókòó ní pálọ̀, Bàbá jókòó níwájú ẹ̀. Ebi ń pa á. Ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀, àṣé èmi nìkan kọ́ ni aláròyé ilé yìí. Ó ní bàálù fò yí Ikẹjà ká títí, kò rí ilẹ̀, ó gbé wọn lọ Kánò. Orí sìmẹ́ǹtì ni wọ́n sùn, tí wọ́n ń retí pé ọyẹ́ á là. Nígbà tí ò là, òun àti àwọn kan dáwó, wọ́n wọ mọ́tò. Kàdúná, Jẹ́bà, Ìlọrin, mọ́tò méjì ló bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Bàbá, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Kánò ò pẹ́ rárá. Láti Kánò dé Ẹ̀fọ̀n ló fẹ́ẹ̀ pa mí."

Lọ́jọ́ míì, Bàbá ì bá ti fò sókè, wọn ì bá ti pe Bàbá Dàda kó wá gbọ́. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ ọmọ wọn bó ṣe ń lọ sínú àwo, tó ń bọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń bẹ iyán náà pé kó má tán.

"Ìyàwó wa, uṣu yìí mà dára o," Bùrọ̀dá ní. "Ṣé Màmá ló gún un?"

"Èmi ni, sà."

"Wọ́n ti kọ́ ẹ dáadáa. Bó ṣe máa ń rí lọ́wọ́ wọn gan-an nìyí."

Mo bu ẹran kún un. Ó jẹ ẹ́. Mo tún bu iyán sí i, Bọ́lájí tún bu ọbẹ̀ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé a fẹ́ pa òun ni. Ó jẹ ìyẹn náà tán. Ó fọ ọwọ́ ẹ̀, ó nù ún, ó gba Tóyìn lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí èjìká.

"Ó yá," ó ní. "Ẹ mú mi lọ bá Màmá."

Bàbá dìde. Wọ́n tún jókòó. Wọ́n tún dìde.